Aago Tó Ń Ka Ìjókòó Inú Márúwá Ní Ìrìn

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹta, ìyá ọ̀kan nínú wa jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ní Orílé Agége. Wọ́n lọ sí ilé búrẹ́dì, wọ́n ka búrẹ́dì sórí àtẹ, wọ́n gbé e karí, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn gba Pen Cinema títí dé Ògbà. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà ni àwọn tó ṣe iṣẹ́ òru ní àwọn fákítírì Acme Road àti Wempco Road ń jáde, ebi á sì ti máa pa wọ́n. Màmá dúró sí ẹnu géètì kan, wọ́n lọ sí òmíràn, wọ́n kiri títí búrẹ́dì fi tán, wọ́n padà lọ kó sí i. Ọwọ́ òsì wọn di àtẹ mú lókè, ọwọ́ ọ̀tún ń gba owó, ó ń fún àwọn èèyàn ní ṣéńjì. Ọwọ́ òsì yẹn ni aago wà, smartwatch tí ọmọ wọn rà fún wọn nítorí pé dókítà ní kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá. Nígbà tí wọ́n délé ní ìrọ̀lẹ́, aago ní ìṣísẹ̀ 2,316 péré ni wọ́n rìn láti àárọ̀.

Ní ọjọ́ kan náà, ọmọ wọn wọ Márúwá láti Agége lọ sí Ìkẹjà. Ó jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àfi ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀ kí ẹni tó wà láàárín lè bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà wa lẹ́yìn òjò mọ bí kòtò ṣe ń gbé èèyàn sókè tó ń jù ú sílẹ̀. Kó tó dé Ìkẹjà, aago tirẹ̀ (ẹ̀ẹ̀kan náà ni ó ra méjèèjì, ìbejì ni wọ́n) ti ka ìṣísẹ̀ 1,840 fún un. Ó tilẹ̀ gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ láti kí i pé ó kú ìgbìyànjú.

A rẹ́rìn-ín títí. Màmá ni kò bá wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba aago gbọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí wọ́n ti kiri tán, wọ́n wọ bàtà, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ rìn yí àdúgbò ká kí ìṣísẹ̀ àwọn lè pé ẹgbàárùn-ún bí aago ṣe wí. Ẹsẹ̀ wọn ti wú kí wọ́n tó jáde.

Ohun tó jẹ́ kí a kọ èyí nìyẹn. Lẹ́nu ìgbà tí aago wọ̀nyí ti wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́, ìmọ̀ràn lórí bí a ṣe lè mú kí ó ka ìdárayá bó ṣe yẹ pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní: dè é le, pa á kó o tún un tàn, ta á kó o ra olówó ńlá. Díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́, a ó sì sọ èyí tó ṣiṣẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé ẹni tó bá fẹ́ kí aago péye ní láti kọ́kọ́ bi í pé, ìrìn ta ni ó mọ̀? Bí aago Màmá ṣe ń ṣe, ó dà bíi pé kò pàdé ẹni tó ru àtẹ rí láyé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bó ṣe ń kà á. Ohun kékeré kan wà nínú aago tí wọ́n ń pè ní accelerometer, tó máa ń mọ̀ bí ọwọ́ bá sáré síwájú tàbí bó bá fà sẹ́yìn. Ẹni tó ń rìn lọ́wọ́ òfo a máa ju apá síwá sẹ́yìn. Aago ń wá ìjùpá yẹn, tó bá ti rí i pé ó ń lọ déédéé bí ìlù, á kà á sí ìrìn. Ó dára bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń gbafẹ́. Ọwọ́ tó di àtẹ mú kì í jù. Ọwọ́ tó ń ti ọmọlanke kì í jù. Ọwọ́ ìyá tó pọn ọmọ, tó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn fi gbé ọmọ nídìí, kì í jù. Ọwọ́ ẹni tó jókòó sínú Márúwá ló ń jù, kòtò ló sì ń bá a jù ú.

Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, tí wọ́n máa ń bi léèrè pé kí la fẹ́ fi ṣe, rí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí tó yà wá lẹ́nu. Ibùsọ̀ ni a ń pe máìlì. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Sísọ̀ ni ohun tí à ń ṣe nígbà tí a bá gbé ẹrù kúrò lórí wá sílẹ̀. “Ẹ bá mi sọ̀ ọ́” ni ẹni tó ru ẹrù máa ń wí fún ẹni tó bá bá lójú ọ̀nà. Ibi tí a ti ń sọ ẹrù ni ibùsọ̀. Àwọn baba ńlá wa wọn ọ̀nà, orí tó ru ẹrù ni wọ́n fi wọ̀n ọ́: ibi tí ó bá ti rẹ ọrùn, ibẹ̀ ni ibùsọ̀. Kò péye tó máìlì àwọn Òyìnbó, a gbà. Ibùsọ̀ ẹni tó ru ìṣù mẹ́wàá yóò kúrú ju ti ẹni tó ru mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọn ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò gbàgbé ẹrù. Aago tó wà lọ́wọ́ Màmá ka ọ̀nà, ó gbàgbé ẹrù, ó sì tún gbàgbé ọ̀nà pẹ̀lú.

Ẹgbàárùn-ún tó fẹ́ pa Màmá lẹ́sẹ̀ náà nítàn.  Ní ọdún 1965, ọdún kan lẹ́yìn ìdíje Òlíńpíìkì ìlú Tokyo, ilé iṣẹ́ kan ní Japan, Yamasa, gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí èèyàn ń so mọ́ ìbàdí láti fi ka ìṣísẹ̀. Wọ́n pè é ní Manpo-kei, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń ka ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀. Orúkọ ọjà ni. Orúkọ ọjà náà ló di òfin sínú ọ̀pọ̀ aago. Ní ọdún 2019, I-Min Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin àgbà tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún. Àwọn tó ń rìn tó nǹkan bí 4,400 ìṣísẹ̀ lóòjọ́ kò kú bíi ti àwọn tó ń rìn 2,700. Àǹfààní náà ń pọ̀ sí i títí dé nǹkan bí 7,500, lẹ́yìn náà kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́. A ka èyí sí Màmá létí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí a tún un kà.

Ẹ kíyè sí i pé ìbàdí ni wọ́n ń so ti 1965 mọ́, kì í ṣe ọrùn ọwọ́. Ìyẹn ló fún wa ní ọgbọ́n tí a dá. Àwa mẹ́ta lọ sí pápá kan ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a yá àtẹ Màmá, a yá ọmọlanke lọ́wọ́ ẹni tó ń ta omi, a sì ń ka ìṣísẹ̀ sókè ketekete bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìṣísẹ̀ ni a rìn nígbà kọ̀ọ̀kan. Lọ́wọ́ òfo, aago kà 491, kò burú rárá. Pẹ̀lú àtẹ lórí, tí ọwọ́ aago sì di àtẹ mú, ó kà 64. A sún aago sí ọwọ́ kejì tó wà nílẹ̀: 377. Lẹ́yìn ọmọlanke: 38. A fi àkísà so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, ó kà 258. Ó jọ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń mọ̀ lára, tí kò gbúròó ìkejì. Lẹ́yìn náà a ju fóònù lásán, èyí tí ìbòjú rẹ̀ ti fọ́, sínú àpò ápúrọ́ọ̀nù tó wà ní ìbàdí, a tún ru àtẹ. Ó kà 488.

Nítorí náà, bí ìyá rẹ bá ń ru ẹrù, tàbí tí ìwọ fúnra rẹ ń ti nǹkan, má jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ sọ̀rọ̀ fún ẹsẹ̀. Fóònù nínú àpò mọ̀ ju aago lọ níbẹ̀. Bí o bá sì wọ Márúwá tàbí dánfó, bọ́ aago náà kúrò lọ́wọ́, àfi tó bá wù ọ́ kó máa kí ọ lásán.

Ti ìwọ̀n ọ̀nà rọrùn jù. Bí o bá ń rìn tàbí sáré lọ́wọ́ òfo, tí aago sì ń sọ ibùsọ̀ tó kò rìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gígùn ìṣísẹ̀ rẹ ni kò mọ̀. Gíga rẹ tí o kọ fún un ló fi ń méfò rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa (kì í ṣe ẹni tó ń tẹ èyí) ti fi ìdajì ẹsẹ̀ bàtà kún gíga ara rẹ̀ nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á rí i. Ó dá a padà sí bó ṣe wà. A wá lọ sí pápá eléré sísá, níbi tí ìlà àkọ́kọ́ ti jẹ́ 400 mítà, a rìn ín yípo lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kí a tó tún un ṣe, 2,210 mítà ni aago pè é. Lẹ́yìn àtúnṣe, 2,040. Àwọn aago tó ní GPS tiwọn tún ń fẹ́ kí èèyàn gbé wọn rìn fún bí ogún ìṣẹ́jú ní gbangba, níbi tí ojú ọ̀run ti ṣí, kí wọ́n lè fi ohun tí sátẹ́láìtì rí tún ìmọ̀ wọn nípa ìṣísẹ̀ rẹ ṣe. Má ṣe é ní Ìkẹjà Under Bridge. Kọnkéré tó wà lórí níbẹ̀ ń dí sátẹ́láìtì lójú, àwọn ilé gíga Allen náà sì ń ta ohùn rẹ̀ padà bí ìgbà tí èèyàn bá pariwo sínú kànga, aago á wá ní o gba inú ilé onílé kọjá.

A kì bá ti dákẹ́ síbí tó bá jẹ́ ìṣísẹ̀ nìkan ni. Ohun tó bà wá lẹ́rù ni ti ọkàn.

Iná aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú lábẹ́ aago ni ó fi ń wo ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ a máa gbé irú iná bẹ́ẹ̀ mì. Bí ọkàn bá lù, ẹ̀jẹ̀ á kún inú iṣan, iná tó padà sójú aago á dín. Bó bá fà sẹ́yìn, iná á pọ̀. Aago ń ka pípọ̀ àti dídín yẹn, ó ń pè é ní lílù ọkàn. A gbọ́ pé aago mìíràn lè rí lílù ọkàn lára ohun tí kò ní ọkàn, a sì wà ní Agége. A mú odidi búrẹ́dì kan tó ṣì gbóná, a dè é ní aago Màmá mọ́ra.

Búrẹ́dì náà wà láàyè. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnléláàádọ́rin ní ìṣẹ́jú kan. Aago náà tún ní bọ́tìnnì tó ń wọn ìfúnpá, a tẹ̀ ẹ́: 118 lórí 76. Ìfúnpá búrẹ́dì Agége dára ju ti ọ̀pọ̀ olùkọ́ wa lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ Màmá dákẹ́. Ó mú fóònù rẹ̀, ó wo àkọsílẹ̀ tí aago ti ń kó síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. 118 lórí 76, 117 lórí 76, 119 lórí 77, láàárọ̀, lálẹ́, lẹ́yìn àtẹ, lẹ́yìn oorun. Ìyá rẹ̀ àti búrẹ́dì tí wọ́n ń tà, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú aago. Nítorí nọ́ńbà wọ̀nyẹn ni Màmá kò fi padà lọ rí dókítà. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ti lọ, ìdárayá ló kù. Wọ́n tilẹ̀ ti ń lo oògùn wọn ní ọjọ́ kan, kí wọ́n fi ọjọ́ kejì sílẹ̀, kó má baà tètè tán. Ní ọjọ́ kejì a bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ gidi, èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá, wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. 164 lórí 98.

A kò ní í dárúkọ ẹni tó ṣe aago náà tàbí ẹni tó tà á, nítorí pé kì í ṣe òun nìkan. Ohun tí a lè sọ ni pé aago tó ń wọn ìfúnpá láìfún apá rẹ rárá, tí o rà ní iye owó tó tó ìrẹsì àpò kékeré kan, kò ju tẹ́tẹ́ lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má lo aago tàbí òrùka tó bá pe ara rẹ̀ ní òṣùwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìgún awọ, nítorí pé wọn kò tíì fọwọ́ sí ọ̀kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ ṣúgà ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni àwọn bọ́tìnnì wọ̀nyí. Bí bọ́tìnnì ìfúnpá bá wà lára aago rẹ, tí òbí rẹ sì ń lò ó, dè é mọ́ búrẹ́dì lójú wọn. Ó yá ju àlàyé lọ.

A ti múra tán láti kọ ọ́ síbí pé awọ dúdú ni aago kò mọ̀ ọ́n wò, pé ìdí nìyẹn tó fi ń pa irọ́ fún wa. Mẹ́lánínì tó wà nínú awọ náà a máa gbé iná aláwọ̀ ewé mì, òótọ́ ni. Nígbà tí a kà á síwájú, a rí i pé ọ̀rọ̀ náà ní orí méjì. Ní ti ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka láti mọ bí atẹ́gùn ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀, ìwádìí tí Sjoding àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan tẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta bí ẹ̀rọ náà ṣe ń kùnà láti rí àìtó atẹ́gùn lára aláwọ̀ dúdú ju lára aláwọ̀ funfun lọ. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, ẹ̀mí wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà, àwọn olùwádìí ní Duke yẹ aago ọrùn ọwọ́ wò lára èèyàn mẹ́tàléláàádọ́ta, láti orí ẹni tó funfun jù dé orí ẹni tó dúdú jù. Ní ti lílù ọkàn, wọn kò rí ìyàtọ̀ tó nítumọ̀ láàárín àwọ̀ kan sí èkejì. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ara bá ń ṣiṣẹ́, àṣìṣe aago a máa fi bí 30% ju ti ìgbà tí ara bá jókòó lọ. Ìṣípòpadà ara ni ọ̀tá rẹ̀. Ó sì dùn wá díẹ̀, nítorí pé a ti kọ gbólóhùn tó gbóná kan sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun tó ṣèrànwọ́ fún wa nìyí. Má wọ aago sórí egungun ọrùn ọwọ́. Gbé e gòkè ní ìwọ̀n ìka méjì, níbi tí ẹran wà. Dè é débi tí kò fi ní í yọ̀ sọ́tùn-ún sósì, kí ọwọ́ má sì kú. Ẹ̀gbà ọwọ́ àti ìlẹ̀kẹ̀, bọ́ wọn ná. Nu òógùn. Tún dúró fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kí o tó gba ohun tó ń wí gbọ́, nítorí pé lẹ́yìn tí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, aago mìíràn a máa gbá lílù ẹsẹ̀ rẹ mú, kó máa kà á bíi lílù ọkàn. Bí nọ́ńbà rẹ bá dúró lé 160 gbọingbọin, tí ẹsẹ̀ rẹ náà sì ń balẹ̀ ní 160 ní ìṣẹ́jú kan, fura. Kí o wá dúró, fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ kejì níbi tí ó ti ń lù, ka ìlù náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, sọ ọ́ di méjì. Ọ̀fẹ́ ni. Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé aago wa ń fi bíi mẹ́rìnlá dín ti ọ̀kan nínú wa kù nígbàkígbà tó bá ń gun òkè.

Àwọn kan nínú yín yóò ní ilé-ìṣàn-owó ni ìṣòro wa, pé ká ra èyí tó dára. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti jáde ní ẹ̀ka wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní Alausa báyìí, yá wa ní tirẹ̀, aago tí owó rẹ̀ lè san owó ilé ọdún kan fún wa. Ó gbóyè. Lára búrẹ́dì, ó kọ̀ láti sọ ohunkóhun, ó ní kí a tún un dè. Lórí pápá, àṣìṣe rẹ̀ kò tó nǹkan. A gbé àtẹ karí, a rin ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ó kà 121. Ó ní bọ́tìnnì fún gọ́ọ̀fù, ó ní fún yíyọ̀ lórí yìnyín, ìyẹn ni pé bí yìnyín bá bọ́ sí Agége lọ́la, aago náà ti múra sílẹ̀. A wá a títí, kò sí ti ẹni tó ru ẹrù.

Nípa kálórì, a kò ní í fi àkókò yín ṣòfò. Ní ọdún 2017, Stanford yẹ irú ẹ̀rọ ọrùn ọwọ́ méje wò lára ọgọ́ta èèyàn. Èyí tó dára jù nínú wọn ń ṣìnà ní 27%, èyí tó burú jù ní 93%. Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn kò sì ru nǹkan kan o. Ta ló wá mọ ti ẹni tó ru ú? Àwọn onímọ̀ kan gbìyànjú rẹ̀ ní Kenya. Ní ọdún 1986, ìwé ìròyìn Nature gbé e pé àwọn obìnrin kan níbẹ̀ lè fi orí ru ẹrù tó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn, láìjẹ́ pé agbára tí wọ́n ń lò ju ti ẹni tó ń rìn lọ́wọ́ òfo lọ. Ní ọdún 2010, àwọn mìíràn dán an wò lára àwọn obìnrin Xhosa ní South Africa, wọn kò bá a bẹ́ẹ̀; ẹnì kan yàtọ̀ sí ẹnì kejì gidi gan-an. Bí àwọn tó ní ẹ̀rọ ìwádìí tó tó odidi yàrá kò bá tíì fẹnu kò, kí ni aago wa rí tó fi ń sọ fún Màmá pé 96 kálórì ni gbogbo ọjọ́ wọn?

Ọ̀kan nínú wa fi ìsinmi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó kọjá ṣe kọ́ńtíráàtì ní fákítírì kan tó ń ṣe oúnjẹ, lágbègbè Ọba Akran. Wákàtí méjìlá ni wọ́n fi ń dúró, wọ́n ń gbé páálí láti ibì kan sí ibì kejì. Kí wọ́n tó wọlé, wọ́n á bọ́ òrùka, wọ́n á bọ́ yẹtí, wọ́n á bọ́ aago, nítorí kí nǹkan má baà já sínú oúnjẹ. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ti ibẹ̀ wá. Ní gbogbo wákàtí méjìlá tí ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, inú lọ́kà ni aago rẹ̀ wà, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni yìí kò mira. Nígbà tó gbé e wọ̀ ní àárọ̀, tó wọ ọkọ̀, tó fẹ́ sùn, ó gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀: dìde dúró díẹ̀! Ó ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú síta lójú fèrèsé. Bí àwọn tó ń ṣe aago bá ń fi ohun tí aago rí tún aago ṣe, a jẹ́ pé ara oníṣẹ́ Ìkẹjà yìí kò ní í dé ọ̀dọ̀ wọn láéláé, inú lọ́kà ni yóò parí sí.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń kọ áàpù ní Yaba àti lókè òkun, ẹ̀yin ni a ń bẹ̀. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni a fẹ́, tó ń sọ fún fóònù pé ẹrù wà lórí mi, kó máa gbọ́ ti ìbàdí, kó fi ọwọ́ sílẹ̀. Kò le. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ti ìṣègùn, ẹ wá bá wa. Àwa lè kà, a sì mọ àwọn tó ń ru ẹrù, a mọ bí a ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ tí wọn ò fi ní í rò pé owó orí la wá gbà. Ní ti orúkọ tí bọ́tìnnì náà yóò jẹ́, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà láàárín ara wa. Ẹnì kan ní “ìrìn ẹrù”. Ẹnì kan ní “arẹrù” ti tó. Ẹnì kẹta ní ibùsọ̀ ni kí áàpù náà máa jẹ́, kí a yé dààmú.

Màmá ti padà sórí oògùn wọn, ojoojúmọ́ báyìí. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa wá ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Aago náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ó bá aṣọ àwọn mu, àwọn á máa fi wo àkókò. Fóònù tí ìbòjú rẹ̀ fọ́ ló wà nínú ápúrọ́ọ̀nù. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá a bá wọn ní ẹnu géètì kan ní Ògbà ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, búrẹ́dì mẹ́ta ló kù lórí àtẹ. A yọ fóònù náà wò: 14,270. A fi hàn wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ó dáa, kí a yáa bá àwọn sọ àtẹ yìí ná.